Àtẹ̀jíṣẹ́ Òru: Bí Ilé-Iṣẹ́ Ṣe Ń Múra De Ọjọ́ Làásìgbò

Gbogbo wa tí a pé sí Yábàá láàárọ̀ Sátidé yìí la mọ ohun tó ń jẹ́ làásìgbò ilé-iṣẹ́: ọ̀rọ̀ burúkú tó ta sí aráàlú létí kí ilé-iṣẹ́ tó rí ẹnu sọ ọ́. Mi ò ní fi ìtumọ̀ dá yín dúró.

Ìjà tí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ti ń jà tipẹ́ ni mo gbé wá. Bí wọ́n bá ti fẹ́ kọ́ ọmọ níṣẹ́ yìí, Chicago ni wọ́n ń gbà lọ. Wọ́n á ní lọ́dún 1982 ẹnì kan fi májèlé sínú oògùn Tylenol, èèyàn 7 kú, Johnson & Johnson sì kó ìgò bíi mílíọ̀nù 31 kúrò lórí àtẹ. Wọ́n ṣe é dáadáa, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ti fọkàn tán ilé-iṣẹ́ yẹn kí májèlé tó dé. Lọ́dọ̀ tiwa, kí alukoro tó la ẹnu ni aráàlú ti ń ní irọ́ ni. Kí ló dé tí ọmọ Mùṣín fi mọ ìtàn Tylenol lórí, tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà ilé ìwòsàn àrùn àkóràn ní Yábàá níbí?

Ọjọ́ Àìkú, ogúnjọ́ oṣù keje ọdún 2014, ni Patrick Sawyer, ọmọ Liberia, dìgbò lulẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed. Àwọn dókítà ìjọba wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì, ni wọ́n bá gbé e lọ sí First Consultants ní Ọbáléndé, ilé ìwòsàn aládàáni. Dókítà Stella Ameyo Adadevoh, tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, fura pé Ebola ni. Àwọn kan fúngun mọ́ ọn pé kó jẹ́ kí ọkùnrin náà máa lọ, ó kọ̀. Ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ ni àrùn náà pa dókítà yìí. Mi ò lè sáré kọjá lórí orúkọ yẹn, ẹ jọ̀ọ́.

Ibùdó ìyàsọ́tọ̀ ní Yábàá, ẹ̀yìn tí àrùn wọlé ni wọ́n ń tún un ṣe. Ohun tó wà nílẹ̀ ni àwọn èèyàn. Láti 2012 ni ibùdó àkóso pàjáwìrì ti wà fún àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀; Dókítà Faisal Shuaib àti àwọn kan níbẹ̀ ni wọ́n ṣí lọ sídìí Ebola. Wọ́n ti jọ ṣiṣẹ́ rí, wọ́n mọ ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìmúra nìyẹn, kì í ṣe fáìlì dáradára inú kọ́ńbọ́ọ̀dù ọ̀gá.

Ẹ rántí ti iyọ̀. Níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, àtẹ̀jíṣẹ́ ń fò kiri lóru pé ká fi omi iyọ̀ wẹ̀, ká mu ún, Ebola ò ní mú wa. Ìyá ń jí ọmọ, ẹ̀gbọ́n ń jí àbúrò. Ẹ má rẹ́rìn-ín, àwọn kan wà nínú gbọ̀ngàn yìí tí wọ́n wẹ̀ ẹ́! Ìròyìn ní àwọn kan bá a lọ. Ìjọba ní irọ́ ni, àmọ́ ilẹ̀ ti mọ́. Ẹni tí a mọ̀ ló fi àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ránṣẹ́, ó sì sọ ohun tí a máa ṣe lójú ẹsẹ̀. Ìkéde ìjọba ní ká má fòyà. Ta ló lè fi ẹ-má-fòyà wẹ̀?

Ẹsẹ̀ rírìn ló borí Ebola. Àwọn tó fara kan aláìsàn jẹ́ 894. Àwọn òṣìṣẹ́ lọ wò wọ́n lójúkojú ní nǹkan bí ìgbà 18,500. Wọ́n kan ilẹ̀kùn, wọ́n yẹ ìgbóná ara wò, wọ́n dáhùn ìbéèrè. Èèyàn 20 ló kó àrùn náà, 8 kú, nígbà tó sì di ogúnjọ́ oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ebola ti kúrò ní Nàìjíríà.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á ní ilé-iṣẹ́ tó ń tajà kò lè máa kan ilẹ̀kùn. Mo ti gbọ́. Ṣé wọn kì í kan ilẹ̀kùn ní ọjà Tẹ́júoṣó àti Ojúwòyè nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gba owó ọjà?

 

Àpẹẹrẹ kejì, ní ṣókí: làásìgbò kì í ṣe ti àìsàn nìkan. Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2012, Ààrẹ Jonathan kéde pé Yunifásítì Èkó ti di Yunifásítì Moshood Abiola. Akọka, níbi tí yunifásítì náà wà, ṣì ń ṣọ̀fọ̀ ọ̀gá àgbà wọn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adetokunbo Sofoluwe, tó kú lóṣù kan náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú jáde. Bí mo ṣe rí i, àìbi wọ́n léèrè ló bí wọn nínú ju orúkọ lọ. Oṣù kejì 2013 ni ìjọba tó yí i padà.



Ọjọ́ Àìkú ni Sawyer dé, òru ni ti iyọ̀, ọjọ́ ìsinmi ìjọba ni ti Akọka. Ẹ̀yin alukoro, ẹ yọ fóònù yín, kí ẹ pe nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ yín tẹ̀ síta fún aráàlú. Ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tó máa gbé e láàárọ̀ Sátidé.