Òróró Opó, Epo Orílẹ̀-èdè: Ojú Tí Ó Yẹ Kí Kristẹni Fi Wo Gbèsè



Ilé opó kan ni mo fẹ́ mú yín lọ. Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí kẹrin, ló sọ ìtàn rẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ wòlíì ni ọkọ rẹ̀, ó bẹ̀rù Ọlọ́run, síbẹ̀ gbèsè ló fi sílẹ̀ nígbà tó kú. Olówó ń bọ̀ wá kó ọmọkùnrin méjèèjì lọ ṣe ẹrú. Ìkòkò òróró kan ṣoṣo ló kù nínú ilé. Èlíṣà ní kí ó yá ìkòkò òfìfo lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò, kí ó ti ilẹ̀kùn, kí ó máa da òróró sínú wọn. Òróró ń dà títí ìkòkò fi tán.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwàásù wa máa ń parí sí. Ìtàn kò sì tíì tán. Opó padà tọ wòlíì lọ, ó gba àṣẹ mẹ́ta: kí ó ta òróró náà, kí ó san gbèsè rẹ̀, kí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ máa jẹ ìyókù. Títà ló ṣáájú, sísan ló tẹ̀ lé e, jíjẹ ló gbẹ̀yìn. Gbogbo ohun tí mo ní í sọ lónìí wà nínú bí àṣẹ mẹ́ta yìí ṣe tò tẹ̀ léra.

Ìwọ̀fà àti ológò

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ẹ̀rù tó ba opó yẹn fún ọmọ Yorùbá, torí pé àwa náà mọ ìwọ̀fà. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Ẹni tí ìnáwó òkú bá wọ̀ lọ́rùn, ẹni tó fẹ́ gbéyàwó, tàbí ẹni tí ọ̀ràn já lù, á yáwó, á sì fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó, èlé ni. Ó lè ṣe é fún ogún ọdún kí ojú owó má dín rárá. Bí onígbèsè bá ń fòní dónìí fọ̀la dọ́la, olówó lè rán ológò lọ dógò tì í. Ológò á jókòó sílé onílé, á máa pariwo, á máa mú adìyẹ tó bá rí pa jẹ, títí gbogbo agbo ilé á fi dá owó jọ kí ìtìjú lè kúrò lọ́rùn wọn.

Nígbà tí ìhìn rere dé, ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà di àríyànjiyàn láàárín àwọn òjíṣẹ́ CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà. Àwọn kan ní oko ẹrú lásán ni. Àjàyí Crowther, tó jẹ oko ẹrú fúnra rẹ̀, wà lára àwọn tó ní ó yàtọ̀, nítorí pé ìwọ̀fà lè san owó kí ó sì gba ara rẹ̀. Èyí ó wù kí ó jẹ̀bi nínú wọn, wọ́n gbà pé gbèsè jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ìjọ gbọ́dọ̀ jókòó lé lórí.

Àwa ńkọ́? Ológò kò kú. Inú fóònù ló ń gbé báyìí. Ènìyàn á yá owó kékeré lórí áàpù, áàpù náà á ka gbogbo nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí owó bá pẹ́, àwọn tó ni áàpù á fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀, sí àna rẹ̀, sí àlùfáà rẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé olè ni. Láti 2022 ni FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti ń gbógun ti irú ìwà bẹ́ẹ̀. Mo ti bá àwọn tí ó ṣẹlẹ̀ sí jókòó. Omijé wọn kò yàtọ̀ sí ti opó inú Bíbélì.

Títà, sísan, jíjẹ

A máa ń gbàdúrà kí Ọlọ́run pa gbèsè wa rẹ́. Èmi náà ń ṣe àmín. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Ọlọ́run ṣe fún opó: ó fún un ní ọjà tí yóò tà, ó sì ní kí ó lọ san owó olówó. Pọ́ọ̀lù náà, ní orí kẹtàlá ìwé Róòmù, kò fẹ́ kí onígbàgbọ́ jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè yàtọ̀ sí gbèsè ìfẹ́. Ẹni tó ní agbára láti san, tó wá ń gbààwẹ̀ kí olówó gbàgbé, ó ń sọ àdúrà di ọgbọ́n àyínìke. Àwọn baba wa ní ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dí ọ̀nà egbèje.

Ohun tó ń sọni di ìwọ̀fà láyé ìjọ́sí ló ṣì ń sọ wá di onígbèsè: òkú àti ìgbéyàwó. Mo ń bẹ ẹ̀yin àlùfáà, ẹ sọ̀rọ̀ lórí pẹpẹ. Nígbà tí ọmọ òkú bá wá sọ́dọ̀ yín láti dá ọjọ́, ẹ bi í léèrè ohun tí yóò kù nílé lẹ́yìn ìsìnkú. Jésù sọ ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́, pé ìṣirò ló yẹ kí ó ṣáájú ìpìlẹ̀. Ìṣirò kì í ṣe àìnígbàgbọ́.

Ẹ kìlọ̀ fún ìjọ nípa owó òjijì pẹ̀lú. Ní oṣù Kejìlá 2016, ètò ìdáwólé kan tí wọ́n ń pè ní MMM ti owó àwọn ènìyàn pa ní Nàìjíríà, lẹ́yìn tó ti ṣèlérí èlé ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù. Àwọn ọmọ ìjọ wà lára àwọn tó kó owó sí i. Kò sí ọjà kankan tí MMM ń tà. Ó ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó dé gbẹ̀yìn láti fún ẹni tó dé ṣáájú. Opó yẹn ní òróró. Ẹni tí kò bá rí òróró nínú òwò kan, kí ó má dáwó lé e.

Ọwọ́ olówó

Onígbèsè nìkan kọ́ ni Bíbélì ń bá wí. Òfin Mósè ní orí kejìlélógún Ẹ́kísódù ní bí o bá gba aṣọ tálákà ní ohun ìdúró, kí o dá a padà kí oòrùn tó wọ̀, torí ohun tó ń fi bora nìyẹn. Ní orí karùn-ún ìwé Nehemáyà, àwọn ènìyàn ti fi oko, ọgbà àjàrà àti ọmọ dúró nítorí ọkà àti owó orí. Nehemáyà pe àwọn ọlọ́lá, ó bá wọn wí lójú gbogbo ayé, ó sì mú kí wọ́n dá ilẹ̀ àti èlé padà. Ẹ̀yin tí ẹ ń darí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nínú ìjọ, ẹ yẹ èlé tí ẹ ń gbà wò. Ẹni tó yáwó fi gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn àti ẹni tó yáwó fi ra ọjà tí yóò tà kò yẹ kí wọ́n jọ san iye èlé kan náà.

Epo tiwa

Orílẹ̀-èdè wa ní òróró tirẹ̀. Ní 1978, nígbà tí owó epo rọ̀bì dín kù, ìjọba ológun Ọbásanjọ́ yá bílíọ̀nù 1 dọ́là lọ́wọ́ àwọn báńkì òkè òkun. Ní 2000, Ọbásanjọ́ kan náà, tó ti di ààrẹ alágbádá, sọ fún ayé pé nǹkan bíi bílíọ̀nù 5 dọ́là ni a yá títí di nǹkan bí 1985, a ti san nǹkan bíi bílíọ̀nù 16, wọ́n ṣì ní ó ku nǹkan bíi bílíọ̀nù 28. Èlé àti owó ìtanràn ló gorí ara wọn. Ìwọ̀fà gan-an nìyẹn: a ń ṣiṣẹ́, ojú owó kò dín.

Àwọn Kristẹni kan sì dìde. Ní oṣù Karùn-ún 1998, nǹkan bí 70,000 ènìyàn di ọwọ́ ara wọn mú yí àárín ìlú Birmingham ká nígbà tí àwọn olórí G8 ń ṣèpàdé níbẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n fi gbèsè ji àwọn orílẹ̀-èdè tálákà. Jubilee 2000 ni orúkọ ìpolongo wọn, inú orí karùndínlọ́gbọ̀n Léfítíkù, níbi tí Bíbélì ti sọ̀rọ̀ ọdún ìdásílẹ̀, ni wọ́n ti mú un. Ní 2005, nígbà tí Ngozi Okonjo-Iweala jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó, Paris Club, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí a jẹ ní gbèsè, gbà láti fi bílíọ̀nù 18 dọ́là jì wá nínú nǹkan bí 30. A san 12 ìyókù tán ní 2006. Ọdún ìdásílẹ̀ dé. Owó epo tí a ń tọ́jú sínú àpò Excess Crude Account sún mọ́ bílíọ̀nù 20 dọ́là ní 2008. Láàárín ọdún díẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti lọ, a sì ti padà sẹ́nu yíyá. A jẹ ìyókù kí ìyókù tó wà.

Ní oṣù Kẹta 2023, gbogbo gbèsè ìjọba wa jẹ́ tírílíọ̀nù 49.85 náírà. Ní oṣù Kẹfà, ó ti di 87.38. Ohun méjì ló fà á. Gbèsè òkè òkun kò kúrò ní ìwọ̀n bílíọ̀nù 43 dọ́là, ṣùgbọ́n náírà já, gbèsè tí a kò fi kún sì wú lójú náírà. Ewu gbèsè tí a fi owó ẹlòmíràn kà nìyẹn. Ìkejì ni tírílíọ̀nù 22.7 náírà tó ti kó jọ láti inú owó tí báńkì àpapọ̀ ń yá ìjọba lọ́dọọdún, tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin wá fọwọ́ sí ní oṣù Karùn-ún 2023, lẹ́yìn tí wọ́n ti ná an tán.

Ta ló ń gbé ìkòkò?

Ohun kan ṣì wà nínú ìtàn opó tí mo fẹ́ fi sílẹ̀ fún yín. Nígbà tó ti ilẹ̀kùn, òun nìkan kọ́ ló wà nínú ilé. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, àwọn gan-an tí olówó ń bọ̀ wá kó, ni wọ́n ń gbé ìkòkò fún un. Wọ́n mọ iye gbèsè, wọ́n rí òróró, wọ́n mọ ìkòkò tó kẹ́yìn. Bàbá wọn kú, gbèsè rẹ̀ ni wọ́n bá. Ìyá wọn pè wọ́n wọlé.

Ẹ̀yin ọkọ tí ìyàwó yín kò mọ gbèsè yín, ẹ ṣí ìwé owó yín fún un lálẹ́ yìí. Ẹ̀yin aṣòfin tó wà ní ìjókòó yìí, ẹ má ṣe fọwọ́ sí gbèsè tí ará ìlú kò rí, torí àwọn ọmọ wa ni olówó yóò kó. Ẹni tí yóò jogún gbèsè gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá tí a ti ń da òróró.