Àfòmọ́ inú ìkarahun

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí dà bí àlọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe àlọ́. Ọ̀rọ̀ òkúta ni, ọ̀rọ̀ ìgbín ni, ọ̀rọ̀ aràn sì ni. Ẹ rọra kà á. Bí ibì kan bá le, ẹ padà sẹ́yìn, ẹ tún un kà.

Ẹ mú ìkarahun ìgbín kan sí ọwọ́. Ẹ wò ó dáadáa. Ibi ṣóńṣó rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ní nígbà tí ó wà ní ọmọdé. Etí ẹnu rẹ̀ ni ó ti ń fi kún un díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń dàgbà. Nítorí náà, gbogbo ọjọ́ ayé ìgbín wà lára ìkarahun rẹ̀. Bí ohun kan bá lù ú tí ó sán, tí ìgbín kò sì kú, yóò dí i láti inú wá. Àpá náà kò ní parẹ́. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wò yóò sọ pé: «Ohun kan ṣe ìgbín yìí nígbà tí ó kéré.» Ẹ fi ọ̀rọ̀ àpá yìí sọ́kàn.

Ìgbín ní ìbátan nínú òkun. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹran tí apá mẹ́jọ yí ẹnu rẹ̀ ká, tí kò ní egungun, tí ó máa ń tú omi dúdú bíi tàdáwà sí ojú ẹni tí ó bá ń lé e. Àwọn apẹja òkun mọ̀ ọ́n. Lónìí kò ní ìkarahun mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n láyé àtijọ́, púpọ̀ nínú ẹbí rẹ̀ ni ó ní in. Àwọn tí òkúta wọn pọ̀ gan-an ni àwọn onímọ̀ ń pè ní amoníítì. Ìkarahun wọn ká bí ìwo àgbò. Inú rẹ̀ pín sí yàrá yàrá. Yàrá tí ó kẹ́yìn, tí ó tóbi jù, ni ẹran náà ń gbé. Afẹ́fẹ́ ni ó wà nínú àwọn yòókù, òun ni ó ń jẹ́ kí ó léfòó bí akèrègbè.

Nígbà wo ni wọ́n wà láyé? Àwọn baba ńlá wa máa ń ka owó ẹyọ. Ẹyọ 20,000 ni ọ̀kẹ́ kan. Ẹ jẹ́ kí ẹyọ kan dúró fún ọdún kan. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ 60 ọdún ní ẹyọ 60, ọwọ́ méjèèjì gbà á. Egungun ènìyàn bíi tiwa tí ó pẹ́ jù lọ nínú èyí tí a tíì rí, ní Jebel Irhoud ní ilẹ̀ Mòrókò ni wọ́n ti rí i. Ó tó nǹkan bí 300,000 ọdún: ọ̀kẹ́ 15. Àwọn amoníítì parẹ́ ní nǹkan bí mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn: ọ̀kẹ́ 3,300. Àwọn àkọ́kọ́ wọn sì ti wà ní nǹkan bí mílíọ̀nù 400 ọdún sẹ́yìn: ọ̀kẹ́ 20,000. Ọ̀kẹ́ lọ́nà ọ̀kẹ́! Ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀, kí ẹ mí.

Ní gúúsù Mòrókò, aṣálẹ̀ ni a ń rí lónìí. Ní ayé àwọn amoníítì àkọ́kọ́, òkun ni ibẹ̀. Òkúta ibẹ̀ tò léra wọn bí ojú ewé ìwé: ti ìsàlẹ̀ ni ó pẹ́ jù, ti òkè ni ó dé kẹ́yìn. Ìkarahun àwọn baba ńlá amoníítì nà tààrà bí ọ̀pá. Lẹ́yìn náà ni a rí àwọn tí ó tẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a rí àwọn tí ó ká, ṣùgbọ́n tí àyè ṣì wà láàárín kíká náà. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni a wá rí àwọn tí ó ká pinpin. Kì í ṣe pé ẹran kan ṣoṣo ń yí ara rẹ̀ padà o. Ìran ni ó ń yí padà, ọmọ lẹ́yìn baba. Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ irú rẹ̀. Ẹ máa ń yan àgbàdo tí ó dára ṣe irúgbìn, lẹ́yìn ọdún púpọ̀, àgbàdo oko yín kò jọ ti àtijọ́ mọ́. Nínú òkun, kò sí àgbẹ̀ tí ń yàn. Èyí tí ó bá yè ni ó ń bímọ, ọmọ rẹ̀ a sì jọ ọ́.

Ó kan ọ̀rọ̀ àfòmọ́ wàyí. Ẹ mọ àfòmọ́ tí ń hù lórí igi obì àti igi ẹ̀mí. Kò ní gbòǹgbò nínú ilẹ̀, igi gbogbo ni ó ń bá tan. Ẹranko àti ènìyàn náà ní àfòmọ́ tiwọn. Aràn inú ni, sòbìyà ni, iná orí ni. Ṣùgbọ́n ara aràn rọ̀. Bí ó bá kú, ó jẹrà, ó tán. Báwo ni ẹnikẹ́ni yóò ṣe mọ̀ pé aràn wà láyé ní ọ̀kẹ́ 19,000 sẹ́yìn?

Àpá ni. Ní 2011, Kenneth De Baets, Christian Klug àti Dieter Korn tẹ ìwé kan jáde nípa àwọn amoníítì Mòrókò. Ẹrẹ̀ ti kún inú àwọn ìkarahun náà, ó di òkúta, ìkarahun fúnra rẹ̀ sì ti jẹ kúrò. Ó dà bí ẹ̀kọ tí ó dì nínú abọ́. Bí inú abọ́ bá ní ibi tí ó wú, ẹ̀kọ yóò ní ihò níbẹ̀. Àwọn òkúta náà ní ihò kéékèèké, tí púpọ̀ wọn tò bí ẹni gbin ewùsà sójú ọpọ́n. Orúkọ Michael House, tí ó ti kọ̀wé nípa irú ihò bẹ́ẹ̀ ṣáájú, ni wọ́n fi ń pè wọ́n. Àlàyé wọn ni pé ohun kan wọ àárín ẹran ara àti ìkarahun. Ẹran náà kò lè yọ ọ́. Ó wá fi ìkarahun bò ó mọ́lẹ̀. Sàréè àfòmọ́ ni ihò kọ̀ọ̀kan. Bí ihò náà ṣe tò kò rí bákan náà lára gbogbo irú amoníítì. Èyí mú kí wọ́n rò pé bí amoníítì ti ń yí padà láti ìran dé ìran ni àfòmọ́ náà ń bá a yí. Wọn kò rí aràn fúnra rẹ̀ o. Ṣùgbọ́n àwọn aràn pẹlẹbẹ kan wà lónìí tí ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lára àwọn ẹran oníkarahun inú omi, ìbátan wọn ni wọ́n fura sí.

Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí ní kíláàsì alẹ́ kan, bàbá àgbàlagbà kan dìde. Ó ní: «Ọmọ mi, o ṣeun. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n fi ń wá òkúta kiri yìí, ṣé kò lè ra oògùn fún àwọn ọmọ wa tí ń tọ ẹ̀jẹ̀?» Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi kò rín. Ìbéèrè gidi ni.

Mo dáhùn pé: Bàbá, aràn pẹlẹbẹ náà ni ó ń mú kí àwọn ọmọ tọ ẹ̀jẹ̀. Àtọ̀sí ajá ni ọ̀pọ̀ ń pè é. Theodor Bilharz, oníṣègùn ará Jámánì, ni ó rí aràn rẹ̀ nínú òkú ènìyàn ní Káírò ní 1851. Ní 1910, Marc Armand Ruffer rí ẹyin rẹ̀ nínú kíndìnrín òkú àwọn ará Íjíbítì tí wọ́n ti tọ́jú láti nǹkan bí 3,000 ọdún. Ó pẹ́ lára wa. Síbẹ̀ aràn náà kò lè ti ara ọmọ kan bọ́ sí ara ọmọ mìíràn tààrà. Ẹyin rẹ̀ a bá ìtọ̀ bọ́ sínú odò. Ọmọ rẹ̀ a wọ inú ìgbín omi kékeré kan, a pọ̀ sí i níbẹ̀, kí ó tó jáde wá gún awọ ẹni tí ó wà nínú omi. Èé ṣe tí ó fi gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ ìgbín? Èrò ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni pé ẹran oníkarahun ni ilé àkọ́kọ́ ẹbí aràn yìí, tipẹ́tipẹ́ kí ènìyàn tó wà. Ilé kejì ni àwa jẹ́. Kò tíì fi ilé àkọ́kọ́ sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni a ti lè dá a lọ́nà: kí a má ṣe tọ̀ sínú odò, kí a má ṣe wẹ̀ níbi tí ìgbín wọ̀nyí wà.

Yíyí padà náà kò sì tíì dúró. Ní 2013, àwọn tí wọ́n lọ wẹ̀ nínú odò kan ní Kọ́síkà, erékùṣù Faransé, bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ẹ̀jẹ̀. Àwọn onímọ̀ yẹ aràn náà wò: ti ènìyàn àti ti màlúù ti gun ara wọn, wọ́n bí àdàlù. Ó jọ èyí tí ó wà ní Sẹ̀nẹ̀gà. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé aràn ń yí padà yóò máa wo ọmọ nìkan, yóò gbàgbé màlúù.

Ní ti oògùn, ó wà. Praziquantel ni orúkọ rẹ̀. Ẹ mú ọmọ tí ìtọ̀ rẹ̀ bá pọ́n lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ má ṣe sọ pé ó ń bàlágà ni. Mo sì gbà fún bàbá pé owó òkúta kì í ra oògùn. Òtítọ́ ni.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, bàbá náà mú ìkarahun ìgbín omi kan wá, òfìfo, tí ó ti gbẹ nínú oòrùn, tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ó gbé e sí iwájú mi. Ó ní: «Àpá wà lára èyí. Kí ni ó ṣe é?» Mo gbé e súnmọ́ àtùpà, mo yí i síhìn-ín, mo yí i sọ́hùn-ún, gbogbo kíláàsì sì dìde wá wò ó.