Àwọn Tó Ń Fì Àsíá

Lọ́dún 1995, ọmọ ọdún mẹ́wàá kan gba ife-ẹ̀yẹ ìdíje ọkọ̀ kart ti gbogbo Britain ní ìpele àwọn ọmọdé. Lewis Hamilton ni. Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n báyìí. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbi irú ìdíje bẹ́ẹ̀ ló wà lọ́kàn mi láàárọ̀ yìí.

Kart kéré gan-an. Kò ní òrùlé, kò ní sípírìn, awakọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó sórí ilẹ̀. Bí ọ̀kan bá yí dànù ní kọ́nà, àwọn tó ń sáré bọ̀ lẹ́yìn lè má tètè rí i. Ẹni tó dúró létí ọ̀nà níbẹ̀ ló máa fì àsíá aláwọ̀ ìyeyè: ẹ rọra, ẹ má kọjá ẹnikẹ́ni. Bí ewu bá le jù, wọ́n á fa àsíá pupa yọ, gbogbo ọkọ̀ á dá eré dúró. Ọ̀pọ̀ wọn kì í gbowó oṣù. Òjò ń pa wọ́n, wọn kò kúrò.

Lẹ́yìn ìdíje, iṣẹ́ kan òṣùwọ̀n. Wọ́n á wọn ọkọ̀ àti awakọ̀ pọ̀. Bí ìwọ̀n kò bá pé, wọ́n lè gba ipò kìn-ín-ní lọ́wọ́ ọmọ. Ó máa ń dun òbí tó náwó, mo mọ̀. Síbẹ̀ mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn, nítorí ọmọ tó ṣe ipò kejì náà ní òbí.

Ẹ̀yin èèyàn wa ní London àti Manchester, bí ẹ bá mú ọmọ lọ wo kart, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kí àwọn tó ń fì àsíá.