Ìgbéyàwó, Ilé-Ẹjọ́ àti Ẹ̀rí: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ọ̀dọ́ Mùsùlùmí Mọ̀

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ kan wà tí kò ṣe àjèjì mọ́ ní etí àwọn ará Mamu, Ìjẹ̀bú-Igbó àti Agọ́-Ìwòyè. Òun ni ìròyìn pé ilé-ẹjọ́ ní òkèèrè ti fi àṣẹ sí i kí ọkùnrin máa fẹ́ ọkùnrin, kí obìnrin sì máa fẹ́ obìnrin. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ yóò kàn di òfin ní Nàìjíríà lọ́jọ́ kan. Àwọn mìíràn ń wí pé ẹnikẹ́ni tí a bá ti fura sí, kí a nà án. Ìbẹ̀rù ti àkọ́kọ́ kò ní ìdí. Ọ̀rọ̀ ti ìkejì lòdì sí òfin Nàìjíríà, ó sì lòdì sí ẹ̀sìn Ìsìláàmù pẹ̀lú.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní òkèèrè

Ní ilẹ̀ Áfíríkà, South Africa ni ó kọ́kọ́ gbà á láyè. Ní ọjọ́ 1, oṣù Kejìlá, ọdún 2005, ilé-ẹjọ́ tí ó ń túmọ̀ ìwé òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè náà dájọ́ pé òfin ìgbéyàwó wọn kò bá ìwé òfin ìpìlẹ̀ mu, ó sì fún ilé aṣòfin ní ọdún 1 láti tún un ṣe. Òfin titun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 30, oṣù Kọkànlá, ọdún 2006. Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ 26, oṣù Kẹfà, ọdún 2015 ni Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá tirẹ̀. Adájọ́ 5 fara mọ́ ọn, adájọ́ 4 kò fara mọ́ ọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe ilé-ẹjọ́ ni ó ṣe é. Ilé aṣòfin ni ó ṣòfin rẹ̀ ní ọdún 2013.

Ẹ kíyè sí i pé ìwé òfin orílẹ̀-èdè tirẹ̀ ni ilé-ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan túmọ̀. Ìdájọ́ tí wọ́n bá dá ní Washington kò de adájọ́ tí ó jókòó ní Abẹ́òkúta tàbí ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Ohun tí òfin Nàìjíríà sọ

Ní ọjọ́ 7, oṣù Kìíní, ọdún 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan fi ọwọ́ sí òfin tí ó dènà ìgbéyàwó akọ sí akọ àti abo sí abo. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni fún ẹni tí ó bá ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, ọdún 10 sì ni fún ẹni tí ó bá ṣe ẹlẹ́rìí rẹ̀ tàbí tí ó ràn án lọ́wọ́. Òfin náà kò gbà kí a ṣe é ní mọ́sálásí tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn bá gbà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù kò ní agbára kankan níhìn-ín. Nígbà tí òfin náà sì ń sọ ohun tí ìgbéyàwó jẹ́, ó ní ìṣọ̀kan akọ àti abo ni, yálà ní ìlànà ìgbéyàwó ìjọba, ti Ìsìláàmù tàbí ti ìbílẹ̀. Nítorí náà, òfin mọ yìgì tí Mùsùlùmí ń so.

Kí òfin yìí tó dé rárá ni ilé-ẹjọ́ ti fẹnu kan ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 1976, ẹjọ́ Meribe àti Egwu dé Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà láti ilẹ̀ Íbò. Ogún ni wọ́n ń jà sí. Obìnrin kan tí kò bímọ ni ó gbé obìnrin mìíràn níyàwó wá sílé gẹ́gẹ́ bí àṣà ibẹ̀. Ilé-ẹjọ́ ní bí ó bá jẹ́ pé obìnrin ló fẹ́ obìnrin lóòótọ́, òfin kò ní gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí fi hàn pé ọkọ rẹ̀ ni ó fẹ́ ẹ fún. Èyí kò lè ṣòroó yé ará Ìjẹ̀bú. Obìnrin ilé a máa pe aya arákùnrin rẹ̀ ní "ìyàwó mi", kò sì sí ẹni tí yóò rò pé òun ni ọkọ. Adájọ́ kò dá ẹjọ́ lórí orúkọ tí a pe nǹkan. Ohun tí ẹ̀rí fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni ó wò.

Ẹ̀sùn kì í ṣe ẹ̀rí

Ibí yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ wà fún ọ̀dọ́. Ní oṣù Kẹjọ, ọdún 2018, àwọn ọlọ́pàá kó ọkùnrin 57 ní ilé-ìtura kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, ní Èkó. Wọ́n gbé 47 nínú wọn lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ lábẹ́ òfin ọdún 2014. Àwọn ọkùnrin náà ní àwọn kò jẹ̀bi; àwọn kan ní ayẹyẹ ọjọ́ ìbí ni àwọn wá ṣe. Ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2020, Adájọ́ Rilwan Aikawa tú ẹjọ́ náà ká, nítorí pé ìjọba kò ṣe ẹjọ́ náà bí ó ti yẹ, wọn kò sì mú ẹlẹ́rìí wá tó. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ojú àwọn ènìyàn wọ̀nyí hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ṣáájú. Àwọn kan nínú wọn sọ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn, ẹbí sì ti kẹ̀yìn sí àwọn. Agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Kò sí iyèméjì nínú ìdájọ́ Ìsìláàmù lórí ìgbéyàwó: akọ àti abo ni, pẹ̀lú sọ̀dáàkì àti ẹlẹ́rìí. Ìtàn Ànábì Lúùtù kò sì ṣókùnkùn sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Alukuraani kan náà pàṣẹ nínú Súrátu Nuur, aya 4, pé ẹni tí ó bá fi ẹ̀sùn àgbèrè kan obìnrin ọmọlúwàbí láìmú ẹlẹ́rìí 4 wá, pàṣán 80 ni tirẹ̀, a kò sì gbọ́dọ̀ gba ẹ̀rí rẹ̀ mọ́. Àwọn onímọ̀ ojú ọ̀nà Màlíkì, èyí tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń tọ̀, fi ẹ̀sùn ìbálòpọ̀ ọkùnrin sí ọkùnrin sí abẹ́ ìdájọ́ yìí kan náà. Súrátul Hujuraat, aya 12, sì kọ àbá búburú àti títọ pinpin ẹlòmíràn.

Kí ni a ó wá sọ nípa ẹni tí ó dá ọ̀dọ́ dúró lójú títì, tí ó gba fóònù rẹ̀, tí ó ń tú àwòrán inú rẹ̀, tí ó sì ń bèèrè owó kí ó má baà pariwo rẹ̀? Olè ni. Kí ni a ó sọ nípa àwọn tí wọ́n pa ojú pọ̀ na ènìyàn nítorí ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀ tàbí aṣọ ọrùn rẹ̀? Wọn kì í ṣe ọlọ́pàá, wọn kì í ṣe adájọ́, wọn kò sì mú ẹlẹ́rìí kan wá. Ẹ̀sìn tí wọ́n ní àwọn ń gbèjà ni wọ́n ń ba jẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbé ìgbéyàwó ró nípa ṣíṣe é bí ó ti yẹ. Ẹ má ṣe sọ owó ìyàwó di òkè tí ọmọkùnrin kò lè gùn. Bí ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ yín bá ní ìdààmú ọkàn, ẹ bá a sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀ pẹ̀lú àánú, nítorí Ànábì kọ́ni pé ẹni tí ó bo àṣírí Mùsùlùmí, Ọlọ́hun yóò bo tirẹ̀. Bí ẹ̀sùn bá sì wà, ẹ fi í sílẹ̀ fún ilé-ẹjọ́, níbi tí a ti ń bèèrè ẹ̀rí.

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ ahọ́n àti ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, kí Ó sì fi ìfẹ́ àti àánú sínú ilé wọn. Àmín.