Sítíárìn Ń Jó, Eré Ti Wọ 100

[ÌRÓ: Ọkọ̀ lórí òpópónà márosẹ̀. Táyà ń kùn lórí ọ̀dà. Láìpẹ́, gùdù-gùdù-gùdù wọlé sábẹ́ rẹ̀, ó ń le sí i.]

ATỌ́KÙN: Láti Bẹ́gà títí dé Ìbàfò, lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ara ọkọ̀ yìí dá ṣáká. Ta ló fẹ́ mọ̀ pé ọkọ̀ ń gbọ̀n nínú súnkẹrẹ fàkẹrẹ? Ẹ jẹ́ kó kọjá Mowé, kí ọ̀nà là, kí awakọ̀ tẹná díẹ̀. Ní 80, kò sí nǹkan kan. Ní 90, sítíárìn bẹ̀rẹ̀ sí í jó lọ́wọ́. Nígbà tó bá fi máa wọ 100, omi inú ike tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà ti ń gbọ̀n rìrì, dígí tí a fi ń wẹ̀yìn ti ń ṣe bàìbàì, èjìká awakọ̀ ti le gan-an. Ohun tó wá yani lẹ́nu ni pé bó bá tẹná mọ́ ọn dé 120, gbogbo rẹ̀ á rọlẹ̀.

Àwọn awakọ̀ kan ti sọ ìyẹn di oògùn: "Ṣáà ti sáré kọjá ibẹ̀." Oògùn burúkú ni. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ò fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láyè kọjá kìlómítà 100 ní wákàtí kan lójú ọ̀nà márosẹ̀, ohun tó sì ń gbọn ọkọ̀ náà ṣì wà níbi tó wà.

[ÌRÓ: Gáréèjì mẹkáníìkì. Òòlù ń kan irin. Rédíò kékeré ń sọ̀rọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán.]

ATỌ́KÙN: Ilẹ̀ mọ́, ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì n'Ìbàdàn. Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe sábà máa ń lọ.

OBÌNRIN: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mọ́tò mi ń gbọ̀n.

MẸKÁNÍÌKÌ: Ẹ káàbọ̀, àǹtí. Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ méjèèjì iwájú, ká wá wo bọ́ọ̀lù-jọ́ìǹtì. Ẹ́ńjìnnì-sít yẹn náà, ọkàn mi ò balẹ̀ sí i.

ATỌ́KÙN: Kò tíì wa ọkọ̀ náà o. Kò tíì fọwọ́ kan táyà. Ṣùgbọ́n owó ti ń jáde lápò. Bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ tó ń gbọ̀n kì í fi ibi tó ń dùn ún pa mọ́. Eré tó ti bẹ̀rẹ̀, ohun tí ẹsẹ̀ awakọ̀ ń ṣe nígbà náà, ibi tó ti ń kàn án lára: bí a bá béèrè mẹ́ta yìí, a lè má ra ohunkóhun rárá.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Táyà Corolla tó ní rímù 15, bó bá yí po lẹ́ẹ̀kan, nǹkan bíi mítà 2 ló rìn. Ní kìlómítà 100 ní wákàtí kan, ó ń yí po nǹkan bí ìgbà 14 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ká ní ẹ̀gbẹ́ kan rímù wá fi gíráàmù 30 péré wúwo ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ ńkọ́? Ẹni tó bá ti fi kànnàkànnà lé ẹyẹ lóko rí mọ̀ ọ́n: òkò kan náà ni, ṣùgbọ́n bí o bá ṣe ń fì í kíkankíkan tó ló ṣe máa fa ọwọ́ rẹ tó. Ní 50, gíráàmù 30 yẹn ń fa táyà bí ẹni pé ẹrù tó ju kílò 1 lọ díẹ̀ ni. Ní 100, ó ti ju kílò 4 lọ. Eré di ìlọ́po méjì, fífà di ìlọ́po mẹ́rin, ìgbà 14 ló sì ń fa táyà sókè sódò ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan.

Kí ló wá dé tó fi ń rọlẹ̀ ní 120, nígbà tó jẹ́ pé ńṣe ni fífà yẹn tún pọ̀ sí i? Táyà, súpíríǹgì àti àwọn irin tó so wọ́n pọ̀ ní ìwọ̀n tiwọn tí wọ́n fi máa ń fò sókè sódò bí nǹkan bá tì wọ́n. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ó máa ń wà láàárín ìgbà 10 sí 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí yíyí táyà bá ṣe kòńgẹ́ ìwọ̀n yẹn, títì kékeré á di jìgìjìgì. Bí eré bá kọjá ibẹ̀, kálukú á gba ọ̀nà tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọṣẹ́ fi máa ń béèrè pé, "Eré mélòó ló ti bẹ̀rẹ̀, eré mélòó ló dá?" Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ láàárín 80 sí 110, tó sì rọlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, táyà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

[ÌRÓ: Ilẹ̀kùn ọkọ̀ méjì pa dé. Ẹ́ńjìnnì dìde.]

ATỌ́KÙN: Mẹkáníìkì gidi á jókòó ti ẹni tó ni ọkọ̀, wọ́n á jọ jáde. Bó bá jẹ́ sítíárìn ló ń jó, iwájú ni wọ́n máa wò. Bí sítíárìn bá dúró jẹ́ẹ́, tó jẹ́ àga àti ilẹ̀ ọkọ̀ ló ń gbọ̀n, ẹ̀yìn ni. Ó máa ń tan èèyàn jẹ nígbà mìíràn, àmọ́ ibẹ̀ là ń gbà wọlé.

Ẹ́ńjìnnì ló kàn. Ọ̀pọ̀ Corolla ọ̀tọmátíìkì àtijọ́ ní bọ́tìnnì kékeré kan lára ọwọ́ jíà, O/D ni wọ́n kọ sí i. Bí awakọ̀ bá tẹ̀ ẹ́ nígbà tó wà lórí 95, jíà á bọ́ sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì á pariwo sókè, ṣùgbọ́n táyà ò yí ju bó ṣe ń yí tẹ́lẹ̀ lọ. Bí gbígbọ̀n náà bá dúró bó ṣe wà, ẹ́ńjìnnì jàre. Kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ dárúkọ ẹ́ńjìnnì-sít mọ́.

Tó bá jẹ́ ìgbà tí a bá tẹ bíréèkì nìkan ló ń gbọ̀n, dísìkì ni. Wọ́n á ní dísìkì ti tẹ̀; lọ́pọ̀ ìgbà kò tẹ̀, ojú rẹ̀ ni kò nípọn dọ́gba mọ́. Tó bá jẹ́ ìgbà tí a bá tẹná nìkan, tó sì dá bí a ṣe gbẹ́sẹ̀ kúrò, jọ́ìǹtì apá inú lára ṣáàfù iwájú ti jẹ. Ti bọ́ọ̀sì Hiace tún yàtọ̀, nítorí táyà ẹ̀yìn ló ń tì í lọ, púròpẹ́là sì gùn gbọọrọ lábẹ́ rẹ̀. Púròpẹ́là yẹn á ti yí nǹkan bí ìgbà mẹ́rin kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá bàjẹ́, kì í ṣe gùdù-gùdù. Hùùù ló máa ń dún, àtẹ́lẹsẹ̀ lẹ ó sì ti mọ̀ ọ́n.

[ÌRÓ: Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ táyà ń ṣiṣẹ́. Nọ́ọ̀tì bọ́ sínú páànù.]

ATỌ́KÙN: Ọ̀dọ̀ fọkanáísà la wà báyìí. "Ẹ bá mi ṣe aláìmẹ́ǹtì" lọ̀pọ̀ nínú wa máa ń wí níbí, ó sì máa ń dùn mí, torí owó tí a fi ṣòfò ni. Ìdúró táyà ni aláìmẹ́ǹtì ń tún ṣe. Bí kò bá dáa, ọkọ̀ á máa fà sápá kan, táyà á sì máa jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Sítíárìn tó ń jó ní 100, bálánsìn ló ń béèrè.

Fọkanáísà tú táyà. Ó ha ẹrẹ̀ gbígbẹ tó lẹ̀ mọ́ inú rímù, nítorí ẹrẹ̀ náà ní ìwúwo tirẹ̀. Ó fi páláyà yọ òjé àtijọ́ tí wọ́n fi mú ìwúwo rímù dọ́gba. Ó wá gbé táyà kọ́ ẹ̀rọ, ó sì tẹ bọ́tìnnì.

[ÌRÓ: Ẹ̀rọ bálánsìn ń yí, ó ń fẹ́ bí atẹ́gùn, ó dúró.]

FỌKANÁÍSÀ: Inú, gíráàmù 45. Ìta, 10.

OBÌNRIN: Ṣé ẹ máa fi òjé sí i, kó parí?

FỌKANÁÍSÀ: Ẹ dúró ná, àǹtí. Ẹ wo etí rímù yìí níbi tí mo bá ti yí i. Ẹ rí i bó ṣe ń jó? Kòtò ti bá a jà níbì kan.

ATỌ́KÙN: Ojú ló fi rí ìyẹn, ẹ̀rọ ò sọ ọ́. A lè to òjé sí rímù tó tẹ̀ títí ẹ̀rọ á fi kọ 0 lápá méjèèjì, kó sì tún máa gbọ̀n lójú ọ̀nà, nítorí ìwúwo nìkan ni òjé ń tún ṣe.

Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ nítòsí náà lè ṣe àyẹ̀wò. Ẹ fi òkúta dá àwọn táyà tó kù dúró, ẹ fi jáàkì gbé ọkọ̀, ẹ sì fi ìdúró tó lágbára gbà á lábẹ́. Ẹ gbé bírò lé orí búlọ́ọ̀kù kan, kí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú táyà, kí ẹ wá fọwọ́ yí táyà náà jẹ́jẹ́. Bí àlàfo àárín wọn bá ń fẹ̀ tó ń fún, ẹ sún bírò náà sí etí rímù, kí ẹ tún yí i. Bí rímù bá yí geere, táyà lẹ́bi.

Táyà tó lẹ́bi sì pọ̀ láàárín wa. Dunlop ń ṣe táyà n'Íkẹjà títí di 2008. Michelin ti kógbá wọlé ní Port Harcourt ṣáájú ìgbà náà. Tòkunbọ̀ ló wá kún ọjà. Lára táyà kọ̀ọ̀kan, lópin ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT, nọ́ńbà mẹ́rin wà: bó bá jẹ́ 2314, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Ó lè máa dán bíi tuntun, kí wáyà irin inú rẹ̀ ti máa ṣí kúrò lára rọ́bà. Irú èyí kì í dúró de 100. Ní 30 lásán, ọkọ̀ á ti máa rìn bí ẹni tó ń tiro, ẹ ó sì lè fọwọ́ bá ibi tó ti wú. Bálánsìn kankan ò lè tún un ṣe. Ẹ bọ́ ọ sílẹ̀, kó tó fọ́ lórí eré.

Nọ́ọ̀tì ló kù. Bí gbígbọ̀n bá bẹ̀rẹ̀ lójijì lẹ́yìn tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ tú táyà, ẹ má ṣe dúró dé ilé o. Ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kí ẹ fi sípánà kàn wọ́n. Ẹni tó ń fún nọ́ọ̀tì kò gbọdọ̀ tò wọ́n tẹ̀ léra yíká. Bó bá fún ti òkè, ti ìsàlẹ̀ tó dojú kọ ọ́ ló kàn, kí rímù lè jókòó dọ́gba. Lẹ́yìn nǹkan bíi 80 kìlómítà, a máa ń tún un fún. Òpópónà Èkó sí Ìbàdàn gùn tó 127, nítorí náà kí àǹtí wa tó gbéra padà sí Èkó, kó wá sípánà.