Àbo: Igi Tí Kò Ní Rán Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Lọ Pọnmi

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpéjọ wa, tí olóòtú ní kí a tẹ̀ nítorí àwọn tí kò lè wá)

Wọ́n ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni tèmi, n ò sì ní jẹ́ kí oúnjẹ tutù.

Ẹ rántí pé òdòdó gbígbìn síwájú gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ wa wà lára ohun tí ẹgbẹ́ fẹ́ ṣe. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí a ra carpet grass àti ixora. Wọ́n rẹwà, n kò jiyàn. Ní Èkó, wọ́n yẹ ilé. Ṣùgbọ́n Òkè-Ògùn ni ilé-ẹ̀kọ́ tiwa wà. Bí òjò bá ti dá ní nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, ó di oṣù kẹta, nígbà mìíràn ó di oṣù kẹrin, kí ilẹ̀ tó tún mu omi yó. Ọyẹ́ á sì wà láàárín rẹ̀, ọyẹ́ tí ń la ètè ènìyàn, ká tó wá sọ ti ewé. Koríko yẹn á gbẹ. Ixora á rọ, ewé rẹ̀ á máa pọ́n, àfi bí ẹnìkan bá ń bomi rin ín.

Ta ni ẹni náà? Ẹ̀yin tí a jọ gbé bọ́ọ̀dìn mọ ìdáhùn. Ọmọ JSS 1 ni. Ọmọ tó yẹ kó jókòó ti ìwé rẹ̀, korobá ni yóò gbé lọ sídìí kànga, kànga tí omi rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ lóṣù kejì, tí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ sì ń wá omi mímu níbẹ̀. Owó tí a bá dá, a ó fi ra iṣẹ́ fún ọmọ ọlọ́mọ. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí a gbin àbo.

Mo gbọ́ ẹ̀rín yín! Àbo ni mo wí o. Kì í ṣe abo tó jẹ́ ìkejì akọ, kì í sì í ṣe àbọ̀ tó jẹ́ ìdajì. Igi kékeré tí a máa ń yà bá lójú ọ̀nà oko nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí a ń já èso rẹ̀ jẹ. Annona senegalensis ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Ọmọ ìyá soursop ni, ṣùgbọ́n soursop ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá. Àbo kò ti ibì kankan wá, ilẹ̀ Áfíríkà ni ilé rẹ̀, láti Senegal títí dé Sudan, ó tún gba ìlà-oòrùn lọ sí gúúsù. Gwandar daji ni àwọn Hausa ń pè é, ìyẹn ìbẹ́pẹ inú igbó. Kódà igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní masquerade tree, tí ewé rẹ̀ ṣẹ́ wálẹ̀ bí aṣọ eégún, tí a ń fi owó gọbọi rà, ìdílé kan náà ni òun àti àbo. Íńdíà ni tiẹ̀ ti wá. Ẹ ò rí i pé ẹ̀gbọ́n àjèjì là ń pọ́n lé, tí a sì ń gé àbúrò rẹ̀ tó wà nínú ilé!

Báwo ni àbo ṣe ń la ẹ̀ẹ̀rùn já? Ewé rẹ̀ nípọn. Bí omi bá wọ́n ún jù, ó lè wọ́wé kó máa sinmi. Gbòǹgbò rẹ̀ ń wa ilẹ̀ lọ síbi tí ọwọ́ ẹ̀ẹ̀rùn kò ti í dé. Bí iná ìgbẹ́ bá jó orí rẹ̀, kùkùté rẹ̀ á tún rú ní kété tí òjò bá dé. Ohun tí kò lè bá jà ni katakata tó ń tú gbòǹgbò jáde pátápátá, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ wa kò fi mọ̀ ọ́n mọ́ ní àwọn oko ńlá. Mo bi àwọn ọmọ mẹ́ta léèrè lẹ́nu géètì ilé-ẹ̀kọ́ yìí láàárọ̀. Ẹnìkan ṣoṣo ló ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, kò sì tíì jẹ ẹ́.

Ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ ti sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ sọ iwájú gbọ̀ngàn di igbó ni?" Ó tọ́ kó bèèrè. Bí a bá fi àbo sílẹ̀ bó ṣe wù ú, á rú yọ láti ìsàlẹ̀, á sì rí wúruwùru. Ṣùgbọ́n ó ń gba àdá àti sísọ̀sì. Ẹ fi ọ̀pá kan sílẹ̀, ẹ gé àwọn ẹ̀ka ìsàlẹ̀ kúrò, ẹ ó rí igi kékeré tó dúró dáadáa; tàbí kí ẹ máa gé orí rẹ̀ kó di ọgbà. Ó lè ga láti ẹsẹ̀ bàtà 6 dé 20, ọwọ́ yín ló kù sí. Àwọ̀ ewé rẹ̀ ní aró díẹ̀ nínú, ó sì ń ta sánsán bí ẹ bá fún un lọ́wọ́. Òdòdó rẹ̀ kì í ṣe ti aláfẹfẹyẹ̀yẹ̀: ó kọrí sílẹ̀, ó nípọn, ó funfun tó fà sí àwọ̀ ìyeyè, kòkòrò kéékèèké ló sì ń wọnú rẹ̀ tí ó fi ń so. Èso rẹ̀ á pọ́n rokoṣo, òórùn rẹ̀ dà bí ti ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Bí èso bá ti gbó lórí igi, ẹ lè já a sínú ilé kó pọ́n níbẹ̀, kí ẹyẹ tó ṣáájú yín.

Gbígbìn rẹ̀ gba sùúrù. Ẹ má lọ hú ti inú igbó, gbòǹgbò rẹ̀ á já, á sì kú mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ jẹ ẹran èso, ẹ fọ hóró, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, kí ẹ gbìn ín sínú ọ̀rá dúdú tó gùn, nítorí gbòǹgbò àárín rẹ̀ ń yára lọ sísàlẹ̀. Kì í tètè hù. Òmíràn lè hù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ìkejì rẹ̀ máa sùn fún oṣù púpọ̀. Ẹ má dà á nù. Bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, bíi oṣù kẹfà, ẹ gbé e lọ sílẹ̀, kó lè ráyè rìn kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà 10 sáàárín wọn. Ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ sídìí rẹ̀, ṣùgbọ́n kó má kan ọ̀pá rẹ̀, nítorí ikán. Ẹ fi ẹ̀gún yí i ká, nítorí ewúrẹ́ kò mọ ohun tí ẹgbẹ́ pinnu.

Omi ńkọ́? Ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, garawa kan fún ìdí kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀rùn kejì, ẹ̀ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì. Láti ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kó dá ara rẹ̀ gbọ́. Ìdí 12 ni mo dábàá, garawa 12 lọ́sẹ̀ nìyẹn, a sì lè san owó fún ẹnìkan kó máa ṣe é, kí ọmọ kankan má fọwọ́ kan korobá.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Mo mọ̀ pé ẹ ó bi mí nípa àgbo. Àwọn baba wa ń fi gbòǹgbò àti èèpo àbo ṣe oògùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí èmi wá sọ nìyẹn. Ẹ má fi gbọ́-sọ sè é mu. Ẹni tó bá sì lọ ń wú gbòǹgbò èyí tí a gbìn síwájú gbọ̀ngàn, màá fi orúkọ rẹ̀ sí ìwé ìròyìn tó ń bọ̀!

Mo ti kó hóró 60 wá, wọ́n wà nínú àpò ìwé lọ́wọ́ akọ̀wé. Àwọn ọ̀rá dúdú wà lẹ́yìn ilé ọ̀gá-ilé-ẹ̀kọ́, yẹ̀pẹ̀ sì ti wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fọwọ́ sí i nípàdé ọ̀sán yìí, a lè gbìn wọ́n sínú ọ̀rá kí bọ́ọ̀sì Èkó tó gbéra.