Tísà Wa, Ìwé Wa, àti Ọlidé Oṣù Kẹjọ

(Ọ̀rọ̀ tí olùdarí ẹ̀ka àwọn ọ̀dọ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé)

  

Ọ̀rọ̀ gọ́tà, ọ̀rọ̀ iná àti ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà la sábà máa ń sọ nínú ìpàdé wa. Wọ́n ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n lónìí, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa ẹnì kan tí gbogbo wa ń rí lójoojúmọ́ tí a kì í bi léèrè bó ṣe sùn, bó ṣe jí. Ọ̀dọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní sẹ́kọ́ńdìrì ni.

Ẹ bá mi wo ọjọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa kan wà nínú ẹ̀ka àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá àti Lítíréṣọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan. Aago márùn-ún ìdájí ló ń jí. Ó gbọ́dọ̀ ti wà lójú títì kí aago mẹ́fà tó lù, nítorí bí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì bá ti dí, dáńfó o, kẹ̀kẹ́ o, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Reluwé tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina dé Mile 2 ní oṣù Kẹsàn-án 2023, ẹ̀yin náà mọ̀ pé Òkòkòmaikò ni wọ́n ní yóò dé. À ń retí ẹ̀. Kí ó tó dé, ẹsẹ̀ àti dáńfó ni tísà wa ń lò.

Bó bá dé ilé ẹ̀kọ́, á dúró ti àwọn ọmọ lórí ìlà, á kọ́ kíláàsì mẹ́rin tàbí márùn-ún, á sì tún dúró fún lẹ́sìn ọ̀sán. Bó bá fi máa wọlé, ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú. Ìwé àwọn ọmọ wà nínú báàgì tó máa máàkì, lẹ́sìn nóòtì wà tí ọ̀gá máa yẹ̀ wò lọ́jọ́ Ajé. Bí iná bá wà, ó dáa. Bí kò bá sí, tọ́ọ̀ṣì fóònù ló máa fi ṣe é.

Mo wá bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo lẹ wá ń ka ìwé ti ara yín?” Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Inú gosló ni.”

Ẹ má fojú yẹpẹrẹ wo gosló yẹn o. Ibẹ̀ ló ti ka Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969, tó tún ka Ọmọ Olókùn Ẹṣin ti Adébáyọ̀ Fálétí, tó sì ka Ó Le Kú ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá lẹ́ẹ̀kejì. Púpọ̀ nínú wa, fíìmù Ó Le Kú tí Túndé Kèlání ṣe la mọ̀. Ìwé ti wà láti 1974 kí fíìmù tó dé.

Mo tún bi í pé èwo ni kí n kọ́kọ́ fún àbúrò mi tó wà ní JSS 3. Ọkàn mi ti lọ sọ́dọ̀ Fágúnwà. Ó ní rárá. Ó ní ọmọ tó dàgbà sórí TikTok, bí mo bá gbé Fágúnwà fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn gbólóhùn gígùn yẹn lè lé e sá. Ó ní kí n fún un ní ìwé Òkédìjí, níbi tí Lápàdé ti ń lé àwọn ọ̀daràn kiri. Bó bá ti mọ adùn ìwé Yorùbá tán, òun fúnra rẹ̀ ló máa wá Fágúnwà lọ. Ẹ gbọ́ o, ẹni tó bá ń kàwé nìkan ló lè fúnni nírú ìmọ̀ràn yìí. Kò sí nínú síléébọ́ọ̀sì.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ọ̀rọ̀ ìwé kíkà tísà kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì. Ta ló kọ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ tó jáde ní 1938, tí Wọlé Ṣóyínká wá túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968? Tísà ni. Ta ló kọ Aláwìíyé tí ẹ̀yin àgbà fi kọ́ ìwé kíkà? J. F. Ọdúnjọ ni, tísà lòun náà. Ìwé tí tísà bá kà lóru ló máa ń di ìtàn lẹ́nu rẹ̀ láàárọ̀. Bí kò bá ráyè kà, kí ló máa sọ fún ọmọ yín?

Ní 2018, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sọ ọ́ dòfin pé kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́, ti ìjọba àti ti aládàáni, máa kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá. Òfin dára, àmọ́ òfin kì í ra ìwé fún tísà. Àwọn ọmọ náà, ìbéèrè kan ló wà lẹ́nu wọn: “Ṣé ó máa jáde nínú ìdánwò?” Nígbà tí JAMB mú The Lekki Headmaster tí Kabir Alabi Garba kọ fún ìdánwò 2025, ìbéèrè àti ìdáhùn rẹ̀ làwọn ọmọ ń há sórí. Bẹ́ẹ̀, ìtàn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan tí ọ̀rọ̀ lílọ sókè òkun gbà lọ́kàn ni. Àwọn tísà tó kà á rí ara wọn níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá rántí ọlidé. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà kí ilé tó kún Ìbà bó ṣe kún yìí, ẹ̀yin lẹ máa ń sọ ọ́ fún wa. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti padé ní ìparí oṣù Keje, òjò á dáwọ́ díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ, ọmọdé á ríbi ṣeré. Àgbàdo sísun àti àgbọn lọ́wọ́, súwè àti ten-ten lọ́sàn-án, bojúbojú nírọ̀lẹ́, àlọ́ lálẹ́ lẹ́sẹ̀ ìyá àgbà. Kò sẹ́ni tó pe àlọ́ yẹn ní ẹ̀kọ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀kọ́ gidi ni.

Lónìí, lẹ́sìn ọlidé láàárọ̀, fóònù títí ilẹ̀ fi máa mọ́. Tísà ńkọ́? Àwọn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan kì í san owó oṣù Kẹjọ. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n wa á lọ bá wọn jókòó ti ọjà ní Àlàbá, tàbí kó máa kọ́ lẹ́sìn láti ojúlé dé ojúlé. Oṣù tó yẹ kó ráyè kàwé jù lọ ni kò rówó ra ìwé. Ó ti ń wáṣẹ́ sí báǹkì báyìí, kò sì sẹ́ni tó lè bá a wí. Wọ́n ní èrè tísà ń bẹ lọ́run. Kò burú, ṣùgbọ́n kọ̀ńdọ́ Ìyànà Ìbà kì í gba owó ọ̀run.

Ohun mẹ́ta ni mo wá bẹ̀bẹ̀ fún. Àkọ́kọ́, kí ilé kọ̀ọ̀kan mú ìwé méjì wá, Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì, tí ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì lè kà. Èyí tó ń jẹ eruku lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín yẹn, ẹ nù ún, ẹ gbé e wá. Èkejì, kí ẹ yá wa ní gbọ̀ngán ẹgbẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nínú oṣù Kẹjọ. Ọ̀sán mẹ́jọ péré ni. LASU tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983 wà lẹ́nu ọ̀nà wa, àwa tí à ń kàwé níbẹ̀ á wá ràn wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ilé ìkàwé yunifásítì kì í ṣe ti ọmọ JSS 2. Ẹ̀kẹta ló ṣe kókó jù: kí ẹgbẹ́ san owó fún tísà méjì tó máa jókòó ti àwọn ọmọ. Ẹ má pè é ní ìrànwọ́. Owó iṣẹ́ ni. Kò ní sí ìdánwò níbẹ̀, kò ní sí máàkì. Kí ọmọ kàwé, kó sọ ìtàn tó kà fún ẹnìkejì, kó lọ sílé. Àwọn ìyá àgbà tó bá fẹ́ wá pàlọ́, àga yín wà níwájú.

Àwọn àgbà ló sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ilé pọ̀ ní Ọ̀jọ́ báyìí, a sì ń kọ́ òmíràn lójoojúmọ́. Ẹni tó ń bá wa kọ́ ọmọ ni kò gbọ́dọ̀ bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ mú ìwé wá tàbí dá owó, ẹ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kí oṣù Keje tó parí. Ẹ̀yin ará ìdálẹ̀, ẹ lè fi ránṣẹ́ sí wa lórí gúrúùpù.  Ọ̀jọ́ á tòrò, á rójú.